Ìrọ̀rùn Wà Nínú Òfin Owó Ilé l'Ékòó, Ta Ni Yóò Ka Ìwé Náà Fún Arúgbó?

Mo mọ bí àwọn ará àdúgbò wa ṣe ń ṣe sí ìwé owó ilé, èyí tí ìjọba ń pè ní Land Use Charge, tó bá wọlé dé. Àwọn kan á fi í sábẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì, àwọn kan á tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn á fún ọmọ tó lọ sí yunifásítì pé kó bá wọn wò ó tó bá ráyè. Ọmọ kì í ráyè. Bẹ́ẹ̀, inú ìwé yẹn ni iye tí bàbá tàbí ìyá máa san wà, ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí wọ́n fi ní kó san iye yẹn wà.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, èmi sì ni akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìwé wọ̀nyí wá bá mi. Mi ò bá ìjọba jà pé wọ́n ń gba owó ilé. Ojú ọ̀nà, gọ́tà àti iná òpópónà, owó la fi ń ṣe wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé àánú wà nínú òfin owó ilé yìí fún àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara, àánú náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é, nítorí ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò ka ìwé náà yé wọn, ló ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 2001, nígbà ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, ni Èkó kó owó ilẹ̀, owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì àti owó àtúnṣe àdúgbò pọ̀ sójú kan. Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ owó náà di gọbọi. Ariwo ta, àwọn lọ́yà ẹ̀ka Ìkẹjà jáde sí títì, ìjọba sì dín in kù. Ní 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin mìíràn, ìdá tí wọ́n ń gbà lórí ilé sì padà sí bó ṣe wà kí ọdún 2018 tó dé. Òfin 2020 yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àlàyé. Ká ní mílíọ̀nù 30 náírà ni wọ́n dá lé ilé kan. Òfin á kọ́kọ́ yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún gbogbo onílé, á wá ku mílíọ̀nù 18. Bí onílé bá ń dá gbé ilé rẹ̀ láìsí ayálégbé, ìdá 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbà, ìyẹn ₦7,092 lọ́dún. Bí òun àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀, ó di 0.132, ìyẹn ₦23,760. Bí onílé kò bá gbé ibẹ̀ rárá, ó di 0.394, ìdá kan náà tí wọ́n ń gbà lórí ilé ìtajà, owó rẹ̀ sì di ₦70,920. Ilé kan náà ni o. Ìlà kan ṣoṣo lára ìwé, níbi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe sí, ló sọ ẹgbẹ̀rún méje di àádọ́rin ẹgbẹ̀rún.

Bàbá kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìntì. Ilé oníyàrá mẹ́rin ló ní, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ wọn ló ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn tó ń ka ilé yà síbẹ̀, bàbá àti ìyá ti lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n bi ọmọ náà pé, "Onílé ńkọ́?" Ó ní, "Wọn ò sí ńlé, Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé onílé kì í gbé inú ilé. Nígbà tí ìwé dé, bàbá rí i pé owó ọ̀hún ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ó rò pé ìlú ló le. Ó ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó san án. Ìgbà tí ti ọdún kejì tún dé ni ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá tíṣà."

Mo kà á tán, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti kó kúrò nínú ilé yín ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, bàbá."

Bàbá náà kò yẹ kó san kọ́bọ̀. Òfin 2020 yọ ẹni tó ti fẹ̀yìntì kúrò pátápátá nínú owó ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan: ẹni tó fẹ̀yìntì nílé iṣẹ́ aládàáni wà níbẹ̀, ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún tí kò sì ṣe iṣẹ́ tàbí òwò kankan fún owó mọ́ náà wà níbẹ̀. Ìyá tó fi gàrí títà tọ́ ọmọ mẹ́fà, tí orúnkún kò jẹ́ kó lọ sọ́jà mọ́, òfin mọ òun náà. Ẹni tí kò bá bọ́ sínú ìyẹn tún ní ẹ̀dínwó tirẹ̀: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni àádọ́rin ọdún sókè, ìdá mẹ́wàá fún aláàbọ̀ ara, ìdá mẹ́wàá fún ilé tó ti pé ọdún 25. Ẹni tó bá sì tètè san máa rí ìdá 15 yọ. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Onílé ló máa sọ ọ́, kó sì mú ẹ̀rí wá.

A kó ìwé ìfẹ̀yìntì bàbá, ìwé iná tó ní orúkọ rẹ̀ lára àti lẹ́tà CDA jọ, a kó wọn lọ síbi tí wọ́n kọ sára ìwé náà. Wọ́n tún un ṣe. Owó ọdún àkọ́kọ́ kò padà, jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá lọ bèèrè, ìjọba á kíyè sí àwọn, á sì fowó kún un. Ẹ̀rù yìí ni àwọn ajẹ́ńtì ń jẹ. Wọ́n á ní kí màmá mú nǹkan wá, pé àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀. Inú ń bí mi sí wọn gan-an, nítorí ohun tí wọ́n ń tà fún màmá, òfin ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn sọ pé iye tí wọ́n dá lé ilé òun kò tọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin. Ìṣirò náà kò sì fara sin: wọ́n ń wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti iye ilẹ̀ ládùúgbò, wọ́n ń wo bí ilé ṣe tóbi tó, bó ṣe rí, àti ibi tí wọ́n kọ́ ọ dé. Bí òkè ilé yín kò bá tíì ní fèrèsé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ilẹ̀ tó fẹ̀ ju tiyín lọ, ẹ mú sọ́fè dání.

Èdè tí wọ́n fi ń kọ ìwé náà tún ń ká mi lára. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aṣòfin Èkó ń fi Yorùbá jókòó. Ọdún 2018 náà ni ìjọba fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo èdè yìí. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé owó ilé tó ń wọ ojúlé wa. Èmi kò mọ ìdí tí ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá kò fi lè tẹ̀ lé e, tí yóò sọ pé: iye tí a dá lé ilé yín nìyí, ohun tí a gbọ́ pé ẹ ń fi ṣe nìyí, àwọn tí kò ní san nìyí, ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ yín lọ nìyí.

Káńsù ló yẹ kó mú iṣẹ́ yìí ṣe. Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ka dídá owó lé ilé aládàáni mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, káńsù sì ní ìpín nínú ohun tó ń wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà l'Ékòó, àwọn LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, sì jẹ́ 37. Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kò ju tábìlì kan, àga méjì àti òṣìṣẹ́ kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ní àsìkò tí ìwé bá ń jáde. Kí wọ́n má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá. Kí òṣìṣẹ́ náà máa lọ sílé ẹni tí kò lè rìn. CDA mọ ilé wọn, a óò mú un débẹ̀. Bí ìjọba bá ń rán ènìyàn láti ka ilé wa, ó yẹ kó lè rán ènìyàn láti ka ìwé fún wa.

Ẹ̀yin alága káńsù, ìwé ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ jáde, ẹ gbé tábìlì yẹn síta kó tó dé. Ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín fi ìwé lé lọ́wọ́, ẹ kà á lálẹ́ òní. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ ìlò ilé sí. Ẹ bi ìyá yín bóyá ó ṣì ń ṣòwò. Bí kò bá ṣe é mọ́, tó sì ti pé ọgọ́ta ọdún, tó ń gbé inú ilé rẹ̀, ẹ mú un lọ bá CDA yín lọ́sẹ̀ yìí.