Ẹ Gbé Jẹnẹrétọ̀ Kúrò ní Kọ́rídọ̀

Ohun tí a fẹ́ sọ kò díjú rárá. A fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ṣe òfin méjì: jẹnẹrétọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé, ìbáà jẹ́ kọ́rídọ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ṣì ń ké. A mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní òfin. Ìmọ̀ràn wà fún ẹni tó bá wù, ṣùgbọ́n èéfín kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó wù ú.

Kì í ṣe pé a ń bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ra jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wa la mọ bí iná ọba ṣe ń ṣe wá. Ìdánwò kì í dúró de iná, iṣẹ́ tí olùkọ́ ní ká fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀gànjọ́ kì í dúró de iná, ooru àti ẹ̀fọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn jókòó kàwé nínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour" fi gba àdúgbò wa kan. Orúkọ yẹn ń fi aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́: èmi ní iná, ìwọ kò ní. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, aládùúgbò tí kò ní iná yẹn ló ń fa èéfín símú.

Ní January 2024, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ méje nínú ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà lára wọn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni ìròyìn sọ pé wọ́n fura sí. A sọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan lórí WhatsApp, a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ padà sí kọ́rídọ̀.

Kí ló dé tí ẹni tó kàwé, tó mọ̀ pé èéfín ń pani, ṣì ń gbé e sínú ilé? Olè ni. Òjò ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi owó oúnjẹ oṣù mélòó kan ra jẹnẹrétọ̀ kò ní gbé e síta sílẹ̀ kí olè wá gbé e lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kàn sọ pé "ẹ gbé e síta" láì sọ ohun tí a ó ṣe sí olè kò tíì sọ nǹkan kan.

Tiwa rèé. Kí wẹ́dà ṣe àgò irin kan sí ìpẹ̀kun àgbàlá, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n fi páànù bo orí rẹ̀ nítorí òjò, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá. Ṣéènì àti àgádágodo yóò ṣe ìyókù. Bí yàrá mẹ́jọ bá dá owó rẹ̀ jọ, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mọ níwọ̀n. Àní onílé ló yẹ kó ṣe é. Ẹni tó gba owó ejẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa lè fi díẹ̀ níbẹ̀ ra irin.

Ibi tí a ó gbé e sí ní ìwọ̀n. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn nǹkan bíi mítà 6, kí ihò tí èéfín ń gbà jáde sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Fèrèsé aládùúgbò wà nínú ìṣirò yìí. Bí àgbàlá yín kò bá gba mítà 6, a jẹ́ pé ilé yẹn kò ní ibi tí jẹnẹrétọ̀ lè dúró. Ẹ bá ilé kejì sọ̀rọ̀ kí ẹ jọ lo ibi kan, tàbí kí ẹ dá owó ra iná sólà kékeré àti páwà báńkì.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí a máa ń ṣí fèrèsé." Fèrèsé kì í yan ohun tó ń gbà á wọlé. Bí atẹ́gùn bá ti ìhà jẹnẹrétọ̀ fẹ́ wá, fèrèsé tí ẹ ṣí náà ni èéfín yóò gbà bá yín. Èyí tí ojú wa ń rí tó dúdú tó ń rùn kọ́ ló sì burú jù. Carbon monoxide ló ń pani. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ṣùgbọ́n carbon monoxide ń lẹ̀ mọ́ ọn ju bí ọ́síjìn ṣe ń ṣe lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ó bá ti gba àyè náà, èèyàn lè máa mí kí ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀ má sì rí ọ́síjìn tó. Ẹni tó ti sùn lè má jí rárá.

Ẹni tó lajú sílẹ̀ pàápàá lè má fura. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara rọni, kí ọkàn dàrú: ibà ni a óò pè é, tàbí àárẹ̀ ìwé kíkà. A ó lo paracetamol, a ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ nìyí: bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké nítòsí, tàbí bí orí fífọ́ náà bá ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá jáde síta, èéfín ni. Ẹ jáde. Bí ẹnì kan bá ti ṣubú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ tètè wọ́ ọ jáde, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì fa àkókò gùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà, kì í ṣe inú ikùn. Ọ́síjìn ni wọ́n fi ń wò ó, ẹni tó dákú sì lè fi ohun tí ẹ rọ sí i lẹ́nu pin.

Àwọn mìíràn yóò ní ọjọ́ ikú kò yẹ̀. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì kó tó sọdá títì márosẹ̀. Kó wo ọ̀tún wo òsì ní kọ́rídọ̀ náà.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ sọ, nítorí kì í ṣe èéfín nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ yìí. Oru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ó sì lè bá iná tó jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí ẹ ti ń fi gáàsì dáná. Ẹ má da epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ìṣẹ́jú 15. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi tan ojú rẹ̀, kì í ṣe àbẹ́là. Ẹ má fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà: ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró tó láti gbéni dé ilé ìwòsàn.

Ní ti wáyà, àwọn kan máa ń lo wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì ní orí méjèèjì, wọn a ki ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọn a ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná yẹn lè gba wáyà ilé jáde lọ sí òpó, kó sì pa òṣìṣẹ́ iná tó gbà pé kò sí iná níbẹ̀. Bí iná ọba bá sì dé lójijì, jẹnẹrétọ̀ lè jóná. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi ṣénjíófà sí i, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ yín sí ojú jẹnẹrétọ̀ tààrà. Ẹ sì ṣe ìṣirò kí ẹ tó fi nǹkan sí i. Fáànù kò sábà ju wátì 70 lọ, laptop lè gba 65, gílóòbù LED kò ju 10 lọ. Áyọ́ọ̀nù nìkan lè gba 1,000, kẹ́tùlù lè gba 2,000. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 950 sí lára kò lè gbé wátì 950 fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá fi áyọ́ọ̀nù sí i ń ṣe ẹ̀rọ náà léṣe, ó sì ń fi wáyà tín-ín-rín ṣe ààrò.

Ìtọ́jú náà jẹ́ ara ààbò. Fílítà tó dí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tó. Epo kò ní jó tán, carbon monoxide yóò sì pọ̀ sí i. Nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ máa yẹ fílítà wò léraléra. Fún èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé rẹ̀ sọ: bí ó bá ní 50 sí 1, mìlílítà ọ́ìlì 20 ni fún lítà epo kan, kì í ṣe ìwọ̀n ojú. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wo ọ́ìlì kí ẹ tó fà á, lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ ló sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100 wákàtí 100. Ọ́ìlì tó gbẹ ló ń mú kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá sì ń lọ sílé fún ìsinmi, ẹ fa epo inú rẹ̀ gbẹ. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 14 February 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni kí wọ́n tó padà. Epo tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú kábúrétọ̀ yóò dì bí oje igi.

Owó ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni òfin yìí ti ṣe wá lóore. Kó tó di ìparí May 2023, lítà epo kan kò tó N200 ní ilé epo ìjọba ní Èkó. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, ó kọjá N480 lọ́wọ́ kan. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ kékeré mẹ́fà ti ń ké ń san owó epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe lọ́nà mẹ́fà. Bí yàrá mẹ́fà bá jọ lo ẹyọ kan tó tóbi díẹ̀, láti aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n gba agbára sínú fóònù, laptop àti fáànù oníbátìrì, tí wọ́n sì pa á kí wọ́n tó sùn, ìnáwó yóò dín kù, àwọn tó fẹ́ sùn náà yóò sì rí oorun.

Bí a bá fi òfin yìí lọ ẹnì kan, ó lè ní kí a má dá sí ọ̀rọ̀ òun. Àwọn àgbà ti dáhùn: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tiwa tún wá le ju ti òwe lọ, nítorí hẹ̀rẹ̀huru a máa dùn létí. Carbon monoxide kì í dún.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi wá pé kí ni ẹ lè ṣe fún wa, a ní èsì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ké bí carbon monoxide bá wọ yàrá. Kò rọ́pò gbígbé jẹnẹrétọ̀ síta, ṣùgbọ́n ó lè jí ẹni tó ti sùn. Ẹ ra wọn fún ilé tí ẹ ti gbé rí. Ẹ ṣe àgò irin kan síbẹ̀. Bí agbára yín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sólà sí yàrá ìkàwé kan tí a lè wà di òru.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àsìkò tí ọ̀rọ̀ wa ń wọ onílé létí jù ni ìgbà tí owó bá ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kí ẹ tó san owó ilé ọdún tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bèèrè omi, bèèrè ilé ìwẹ̀, ẹ bi í léèrè kan sí i: níbo ni jẹnẹrétọ̀ yóò máa dúró? Bí ó bá nawọ́ sí kọ́rídọ̀, ẹ má tíì kówó sílẹ̀.