Láti Orí Hẹlikọ́pítà sí Bàálù Akérò
Àwọn ará Ẹgbẹ́dá tó ń rí bàálù tó ń balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Alákíà, n'Ìbàdàn, lè rò pé ẹni tó mọ hẹlikọ́pítà wà, ìyẹn bàálù alábẹ̀bẹ̀ lórí tó lè dúró sójú kan lófuurufú, ti mọ bàálù akérò wà náà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń béèrè, nítorí pé ìyẹ́ bàálù akérò kò lè gbé e dúró bí kò bá sáré tó. Síbẹ̀, awakọ̀ hẹlikọ́pítà tó ti ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sórí pèpéle ìwapo lójú òkun Niger Delta ti kọ́ bí a ṣe ń ṣèpinnu nínú ìjì àti kùrukùru. Ilé-iṣẹ́ bàálù akérò tó bá ka irú ìrírí bẹ́ẹ̀ sí òfo ń tan ara rẹ̀ ni.