Ẹni Tó Fẹ́ Fúyẹ́, Kó Má Fi Ẹ̀wà àti Ẹja Sílẹ̀



Ó ṣọ̀wọ́n kí a parí àsàlátù ọjọ́ Àlàádì ní Bódìjà níbí kí ẹnì kan má fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè ọ̀rọ̀ nípa sísanra. Àwọn ìyá ló pọ̀ jù. Dókítà ti sọ fún òmíràn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó lọ dín ara kù. Orúnkún ló ń yọ òmíràn lẹ́nu, àga ló fi ń kírun báyìí. Òmíràn sì wà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ tó fẹ́ wọ̀ kò sì gbà á mọ́. Tí a bá béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, ìdáhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: "A ti fi ẹran sílẹ̀. A ò jẹ ẹyin mọ́. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ nìkan ni." Àwọn ọ̀dọ́ wa ní tiwọn dorí rẹ̀ kodò. Ìyẹ̀fun purotéènì inú ike, tó wọ́n bí ojú, ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń pò ó mu láàárọ̀, wọ́n ń fi ẹyin tútù lé e, wọ́n gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó.

Lójú tiwa, ọ̀nà àwọn méjèèjì kò gún, ti àwọn ìyá ló sì ń bà wá lẹ́rù jù.

Purotéènì ni èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀, tó sì fi ń tún ibi tó bá gbó ṣe: ẹran ara, awọ, irun, ẹ̀jẹ̀, títí dé àwọn ohun tí ara fi ń bá àrùn jà. Ara mọ bí a ti í kó ọ̀rá pamọ́ dáadáa, àwa tí a sanra kò nílò ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò ní àká kankan tó ń kó purotéènì sí yàtọ̀ sí ẹran ara wa fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá dín oúnjẹ kù, ara á máa wá ohun tí yóò fi gbéra. Yóò lo ọ̀rá, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ bí purotéènì tó ń wọlé kò bá tó, tí a kò sì lo apá àti ẹsẹ̀ wa, yóò máa bù lára ẹran itan, ti apá àti ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Nínú kílò mẹ́rin tó bá lọ, odidi kílò kan lè jẹ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń gùn kò mọ ìyàtọ̀. Yóò kàn sọ pé a ti fúyẹ́ ni, inú wa yóò sì dùn. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí ẹran itan rẹ̀ ti lọ kò ní rí i gbà padà wẹ́rẹ́. Ògiri ni yóò máa dì mú kó tó lè dìde níbi tó ti forí kanlẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n ya ẹni tó fúyẹ́ sọ́tọ̀ sí ẹni tó rù.

Mélòó ló wá tó? Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kò ń dín ara kù, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi lélẹ̀ ni 0.8 gíráàmù purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1.2 sí 1.6 gíráàmù fún kílò kan. Ẹni tó sanra púpọ̀ kò nílò láti fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣírò, nítorí ọ̀rá kò béèrè purotéènì bí ẹran ara ti ń béèrè. Kó fi ìwọ̀n tó ń lépa ṣírò. Arábìnrin tó wọn kílò 95, tó ń lépa 70, yóò sọ 70 di ìlọ́po 1.2. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 84 lójúmọ́. Ẹni tó bá ń jẹ 200 kò ní tìtorí ìyẹn fúyẹ́ ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, owó rẹ̀ nìkan ni yóò fúyẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: gíráàmù 100 ẹran kì í ṣe gíráàmù 100 purotéènì. Omi àti ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife kan ẹ̀wà tó ti jinná ní bíi 13. Ẹja tàbí adìyẹ tí a bọ́ awọ rẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn, ní láti 20 sí 25. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní bíi 7, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá jókòó ti àpò ẹ̀pà níwájú tẹlifíṣọ̀n ti ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, arábìnrin wa lè jẹ ẹyin méjì àti ife ẹ̀wà kan láàárọ̀, kó fi ẹja jẹ àmàlà kékeré àti ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lọ́sàn-án, kó jẹ adìyẹ lálẹ́, kó sì fi ẹ̀pà díẹ̀ panu. Ó ti dé ibi tó ń lọ láìra ike ìyẹ̀fun kankan.

Kó pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó má kó o jọ sí ojú kan. Ẹ wo ohun tí a ń ṣe nígbà Iléyá. Ẹran á pọ̀ nílé débi pé a óò fi ẹran jẹ ẹran fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di ọbẹ̀ lásán fún oṣù méjì. Ẹran ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò lè dúró de oṣù méjì nínú ara. Ohun tí ara bá lò tán, yóò sun ìyókù tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rá.

Àǹfààní mìíràn wà fún ẹni tó ń dín ara kù. Purotéènì a máa mú ikùn dúró pẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ nìkan ní aago méje yóò ti máa wo ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta bọ̀ọ̀lì ní aago mẹ́wàá. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ kékeré pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín lè dé Súúrì kó tó ronú oúnjẹ.

Àmọ́ purotéènì fúnra rẹ̀ kì í yọ ọ̀rá. A fẹ́ kí èyí yé àwọn ọ̀dọ́ wa. Ìwádìí kan wà tí àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009. Wọ́n fi àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà, ní Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Àwọn ti Ìgbó-Ọrà wọn bíi kílò 58 ní ìpíndọ́gba, àwọn ti Chicago wọn bíi 83. Ènìyàn á rò pé oko àti ìrìn ló fà á. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tí àwọn méjèèjì ń lò fún iṣẹ́ ara lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Oúnjẹ ni wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kó fa ìyàtọ̀. Oúnjẹ Ìgbó-Ọrà kò ní ọ̀rá púpọ̀, ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó kún fún ohun oko tó ní èèpo àti ṣákítí. Àwọn ìyá yẹn kò mọ ìyẹ̀fun inú ike. Nítorí náà, ohun tí yóò mú wa fúyẹ́ ni òkèlè tí a dín kù, òróró tí a kò dà bí omi mọ́, mínírà tí a yọ kúrò lórí tábìlì àti búrẹ́dì tí a kò jẹ lálẹ́ mọ́. Iṣẹ́ purotéènì ni láti ṣọ́ ẹran ara wa nígbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́.

Ànábì wa, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, ti kọ́ wa nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá pé kí a fi ìdá mẹ́ta ikùn sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá mẹ́ta fún omi, ìdá mẹ́ta fún èémí. Àwọn kan ń ka hádíìsì yìí láti fi pa ara wọn lébi. A kò rò pé ohun tó wí nìyẹn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ni gbogbo ohun tí oúnjẹ ní, ohun tí a fi sínú ìdá yẹn ló gbọ́dọ̀ níyì.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ yóò bí àwọn kan nínú, a óò sì sọ ọ́. Pọ̀nmọ́ dùn, ó ń mú ikùn kún, kò sì ní ọ̀rá púpọ̀. Purotéènì wà nínú rẹ̀, àmọ́ irú èyí tí kò pé ni: ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ fi dára ọbẹ̀. Ẹ má kà á mọ́ ẹran.

Ẹ̀wà ni kí ẹ kà. Àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà kò ní àwáwí lórí èyí. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù ní gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti òkè ọya bọ̀ sì ń já sí Bódìjà. IITA tó wà lọ́nà Mọníyà níbí láti ọdún 1967 ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà àti sóyà. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, bíi 23 jẹ́ purotéènì. Sóyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36. Gàrí kò ju 1 tàbí 2 lọ. Èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in, èyí tí àgbàdo kò ní tó sì wà nínú ẹ̀wà. Àwọn tó kọ́kọ́ se àdàlú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ sè é kí òróró rẹ̀ má pọ̀. Àkàrà tirẹ̀, a fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ ti fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mu òróró yó kó tó dé ọwọ́ wa, nítorí náà mọ́ínmọ́ín ló sàn fún ẹni tó ń dín ara kù.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó díẹ̀ níbí. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò tọ́jú ẹ̀wà, NAFDAC sì ti ń pariwo lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi ka títa ìgò kékeré oògùn náà léèwọ̀ ní 2019. Ẹ ra kóńgò yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Bí òórùn oògùn bá wà lára rẹ̀, ẹ má rà á, nítorí fífọ̀ kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ń ra àpò odidi lè wá àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ni yóò pa kòkòrò inú rẹ̀, láìlo oògùn kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń mu ẹyin tútù, ẹ sè é. Kòkòrò àrùn wà nínú èyí tí kò jinná, ara kì í sì í rí purotéènì inú rẹ̀ lò tó ti èyí tó jinná. Ẹni tó bá sì takú pé ìyẹ̀fun lòun ó rà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kó sì ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, nítorí jẹ́látì tí wọ́n ń yọ lára ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú àwọn kan.

Ohun tó ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́jà, inú ilé wa ló wà. Ẹ wo bí a ti ń pín ẹran. Ti baálé ilé ló tóbi jù, ti àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ lé e, ìyá tó se oúnjẹ á fi èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ òkèlè tó tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí òkèlè kò wọ́n. Lẹ́yìn ogún ọdún, òun náà ni dókítà ń sọ fún pé kó lọ fúyẹ́, òun náà ló sì tún ń yọ ẹja díẹ̀ tó ní kúrò. A kò rí ibi tí Ìsìláàmù ti ní kí ìyá máa jẹ omi ọbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, bí ìyàwó yín bá sọ pé òun fẹ́ dín ara kù, ẹja àwo rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bu tiyín sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé abọ́ síta. Kí ọmọ tó ń dàgbà náà ní ẹyin tirẹ̀.

Ẹ fi iṣẹ́ díẹ̀ kún un fún ẹran ara. Dídìde lórí àga láìfọwọ́ tì í nígbà mẹ́wàá, kí a sinmi, kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, láàárín ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì, kó má fi ẹ̀kọ lásán ṣe sàárì. Kí ẹyin tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kó sì tún wà nígbà ìṣínu.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìṣirò òkè yìí, nítorí purotéènì púpọ̀ lè fi kún iṣẹ́ kíndìnrín tó ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni kíndìnrín ń dà láàmú láìmọ̀. Kí irú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ná, ní UCH tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ wọn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ dókítà iye tí ó yẹ wọ́n. Kí ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà sọ fún dókítà rẹ̀ pẹ̀lú kó tó dín òkèlè kù, nítorí oògùn tó bá òkèlè ńlá mu lè pọ̀ jù fún òkèlè kékeré.