Máàkì pírọ́jẹ́ẹ̀tì: ṣé ọmọ ló ni ín àbí ọlọ́jà?



Ní ọjà New Benin níbí, tí mo ti ń ta ìgbálẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹní ìnusẹ̀, mi ò nílò kàlẹ́ńdà kí n tó mọ̀ pé tẹ́ẹ̀mù ti fẹ́ parí. Àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í dé nírọ̀lẹ́, ọmọ oníyúnífọ́ọ̀mù á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ilé wa mú ẹní ìnusẹ̀ kan, ó sanwó, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Pírọ́jẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ni, ọ̀la ni tíṣà fẹ́ gbà á." Mo bá a yọ ọ́. Ọmọ náà wà ní JSS 2. Kò fọwọ́ kan okùn kan, kò gé àkísà kan, síbẹ̀ ó máa gba máàkì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kọjá ọ̀rọ̀ ẹní báyìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún sáà 2025/2026. Wọ́n dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń kà kù, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà sí i fún iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì: títo sólà, aṣọ rírán, sísin ẹran, ṣíṣe ara lóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti iṣẹ́ ọ̀gbìn. Kò sí èyí tí ọmọ lè mọ̀ nínú wọn nípa kíkọ nóòtì nìkan. Bí kò bá ṣe é, kò lè mọ̀ ọ́n. Bí iléèwé bá wá lọ ń gba "pírọ́jẹ́ẹ̀tì" bíi ti ìyá yẹn, àwa ọlọ́jà nìkan la máa jèrè.

Kí wá ni pírọ́jẹ́ẹ̀tì gan-an? Ọ̀gbẹ́ni William Heard Kilpatrick, olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1918. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi tọkàntọkàn gbé ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Benin. Gbogbo wa la mọ ohun tójú wa ń rí bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà bá kún. Tíṣà lè ní kí àwọn ọmọ SS 1 wá ìdí tí omi fi ń dúró sínú ọgbà iléèwé wọn. Wọ́n á wọn gọ́tà, wọ́n á wo ibi tí ilẹ̀ ti dagun, wọ́n á bi àwọn aládùúgbò léèrè, wọ́n á ṣírò, wọ́n á wá kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìṣirò wà níbẹ̀, jọ́gíráfì wà níbẹ̀, òyìnbó kíkọ náà wà níbẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti lè rí i rà.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Tai Solarin dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dáko, wọ́n ń sin nǹkan ọ̀sìn, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kàwé. Níbí náà, ẹ lọ sí òpópónà Igun, níbi tí wọ́n ti ń rọ idẹ. Ọmọṣẹ́ á fi ìda mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde kí wọ́n tó da idẹ sí i. Bó bá ṣe ìda níṣekúṣe, idẹ á tú u fó.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo pírọ́jẹ́ẹ̀tì ló ń ṣọmọ lóore. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó yege ìdánwò ní kíláàsì pírọ́jẹ́ẹ̀tì fi bíi mẹ́jọ ju ti kíláàsì yòókù lọ, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ló sì jàǹfààní. Ní ti England, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 lórí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì kò rí ìtẹ̀síwájú kan tó hàn gbangba nínú ìwé kíkà. Ńṣe ni àwọn ọmọ tálákà, tí wọ́n ń jẹun ọ̀fẹ́ níléèwé, fi bí oṣù mẹ́ta rẹ̀yìn sí irú wọn níbòmíì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yẹn kò bá a dópin, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi ní ká má fi gbogbo ara gbé e.

Ohun tí mo rí fà yọ nínú méjèèjì ni pé ti Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dúró tì wọ́n jálẹ̀ ọdún. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, bí ẹ bá sọ ọ́ sínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì láìsí tíṣà tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti sọnù nìyẹn.

Nàìjíríà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ Intro Tech wá láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì dógùn-ún sínú àpótí, torí kò sí iná, kò sí tíṣà tó lè lò ó. Lọ́dún 2011 wọ́n tún mú iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) wọlé, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèdánwò wọn lọ́dún 2014. Ọ̀pọ̀ iléèwé wá mú èyí tí wọ́n lè fi nóòtì kọ́. Ọmọ á kọ nípa ẹja sísin dé orí kẹwàá, kò ní tíì rí odò ẹja rí.

Ibi tó kan àwa àtìpó rèé. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ oníṣòwò, tí a sì ń fi ọmọ sí iléèwé aládàáni kéékèèké tí kò ní yàrá iṣẹ́. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ wa níbí, a ní télọ̀, a ní onífóònù, a ní onísólà, a ní onídìrí. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi lè bá iléèwé sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ máa wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí tíṣà bá wọn wá? Ọmọ tó ń bá yín tajà pàápàá, ẹ fún un ní ìwé, kó kọ ohun tí ẹ tà lóṣù kan, kó ṣírò èrè, kó sì ṣàlàyé ìdí tí ọjà kan kò fi tà. Ẹ jẹ́ kó rí àyè kàwé rẹ̀ náà o, torí títa ọjà látàárọ̀ dalẹ́ kì í ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá pe PTA, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé inú iléèwé ni wọ́n ti máa ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà, lójú tíṣà? Ta ló ń ra èèlò, kí ọmọ ẹni tí kò lówó má baà pàdánù máàkì? Ṣé wọ́n máa ní kí ọmọ dìde, kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é? Ìkẹta yẹn nìkan tó láti dá gbogbo wa lẹ́kun. Ẹní tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi lè dára, ṣùgbọ́n kò ní lanu sọ bí wọ́n ṣe hun òun.

Ní tèmi, mi ò yọ lébẹ́ẹ̀lì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Òbí tó bá dé, àpò ìrẹsì àti àkísà aṣọ ni màá kọ́kọ́ gbé fún un. Èrè ibẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ ló máa ni máàkì rẹ̀.