Ìtàn Amí Ojú Ọ̀run Kì í Ṣe Ẹrù Ẹlẹ́rù

Ẹnu àwọn tó ti ka Rosewater kò kò. Àwọn kan ní ilẹ̀ mọ́ bá àwọn lórí ìwé náà. Àwọn kan ní eré àsápajúdé lásán ni: ìbọn ń dún, òkú ń sùn, ìtàn ń fò síwá sẹ́yìn, kò sì sí ohun tí òǹkàwé rí mú délé. Àwọn tó ń sọ ti ìkejì yìí ló tún máa ń fi kún un pé ìtàn amí àti ẹ̀dá ojú ọ̀run kì í ṣe tiwa, kí á fi í sílẹ̀ fún òyìnbó.

Tade Thompson, tí wọ́n bí sí London, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, ló kọ ìwé náà. Ó jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn náà ti wáyé. Ẹ̀dá àjèjì kan ti yọ jáde ní Nàìjíríà, ìlú ti hù yí i ká, nítorí pé bí ibùgbé rẹ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ara aláìsàn á yá. Kaaro, olè àtijọ́ tó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíì, ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìjọba ń rán kiri níbẹ̀. Àwọn tó ní irú ẹ̀bùn tirẹ̀ wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ní èyí kì í ṣe tiwa, kó bi ará Òsì léèrè nípa Àreògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Lára ilẹ̀kùn tó gbẹ́, ẹ ó rí ológun àti ìbọn, ẹ ó rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn nítòsí abọ̀rìṣà. Lójú Àreògún, ohun tó bá ti gba ojú pópó kọjá ti di ti ìlú nìyẹn. Sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ti gòkè láti Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹsàn-án 2003. Ojú ọ̀run náà ti di ojú pópó wa.

Ẹ̀sùn eré sísá ló gba àlàyé jù; ẹ jẹ́ kí á fi ijó Ẹ̀pà ṣàpèjúwe. Ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀, kò jìnnà sí Ìlọfà, ni Odò-Ọwá wà, níbi tí agbẹ́gilére Bámigbóyè ti gbẹ́ àwọn orí Ẹ̀pà ńláńlá tí Yunifásítì Yale kó jọ fún àfihàn ní 2022. Igi tó wúwo bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ló ń rù ú jó, ó sì ní láti fò pẹ̀lú rẹ̀ gun òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bó bá kọsẹ̀, àyà á já. Ta ni yóò wò ó tán tí yóò ní fífò náà kò jinlẹ̀? Ohun tó wà lórí ẹni tó ń fò ló ń sọ fífò di ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni kí á ṣe gbé ìtàn eléré wò: nígbà tí wọ́n lé Kaaro, kí ni òǹkàwé wá mọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Nínú Rosewater, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlépa ló ń tú àṣírí kan, bóyá ti ìjọba, bóyá ti Kaaro fúnra rẹ̀. Fífò síwá sẹ́yìn tó ń bí àwọn kan nínú ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Amí kì í sọ tinú rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀sùn kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ojú tí Kaaro fi ń wo obìnrin. Ó jọ pé òǹkọ̀wé mọ̀, torí nínú ìwé kejì tó tẹ̀lé Rosewater, ó gbé ìtàn lé Aminat, olólùfẹ́ Kaaro, àti àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ìwé Thompson mìíràn, Far from the Light of Heaven (2021), náà kò mọ́ tónítóní. Wọ́n pa àwọn èrò kan nínú ọkọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n sì gé wọn jálajàla, ṣùgbọ́n wàhálà tún ń gorí wàhálà kíákíá débi pé òǹkàwé kò ráyè ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, àwọn olùfisùn jàre.

Àìgbọ́n ni kí ẹnikẹ́ni ka irú ìtàn báyìí sí ọmọdé nínú ìwé. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Làpàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ inú Àjà Ló Lẹrù láti 1969, àwọn olùkọ́ sì ń fi í kọ́ni. Eré ló ń sá látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbọ́ Yorùbá tó dán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Òsì tàbí Ìlọfà lè bá Làpàdé pàdé lédè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó bá Kaaro pàdé, àfi kó gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dunjú, kó túmọ̀ Rosewater, kí ẹ sì tà á ní iye tí agbára akẹ́kọ̀ọ́ ká.