Orí Bẹ́ǹṣì Kọ́ La Ti Ń Kọ́ Ọ

Èrò mi ni pé ó yẹ kí gbogbo wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, pàápàá àwa tí òbí wa ń bẹ̀rù omi.

Mọ́mì mi wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ní Nàìjíríà, àbúrò wọn kan bómi lọ. Nítorí náà, wọ́n kọ lẹ́tà sílé ìwé wa pé kí n má wọ omi. Tí kíláàsì mi bá lọ lúwẹ̀ẹ́, orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa ṣọ́ aṣọ ìnura àwọn yòókù. Tí mo bá bẹ mọ́mì, òwe ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

Ṣùgbọ́n mo ka ìtàn Alfréd Hajós, ọmọ ilẹ̀ Húngárì. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bómi lọ nínú odò Danube. Ṣé ó wá sá fún omi? Rárá o! Ó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ di òmùwẹ̀.

Ní 1896, ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Athens, ọmọ ọdún 18 ni. Kò sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, inú òkun ni, omi náà sì tutù gan-an. Ó fi ọ̀rá kun gbogbo ara. Ó gba ipò kìíní nínú mítà 100, ó tún gbà á nínú mítà 1,200. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nínú eré gígùn yẹn, bí òun ṣe máa yè lòun ń rò ju bí òun ṣe máa borí lọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù ba òun náà!

Òun ni ọmọ Húngárì àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní ní Òlíḿpíìkì. Wọ́n ní ọmọ ọba ilẹ̀ Gíríìsì bi í níbi àsè pé níbo ló ti kọ́ ọ tó mọ̀ ọ́n tó báyìí. Ó ní inú omi ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì.

Àwọn òbí kan á ní ìwé ló ṣe pàtàkì jù. Hajós náà kàwé, ó di ayàwòrán ilé. Òun ló ya àwòrán ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá kan ní Budapest tí wọ́n kọ́ ní 1930, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní.

Mọ́mì mi, òwe yín dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe òmùwẹ̀ náà ń bómi lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé àbúrò yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ní England níbí, wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kó tó kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù Keje ni èmi máa kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà míì. Ẹ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kẹ́ ẹ máa wò mí, kẹ́ ẹ sì bá mi mú aṣọ ìnura mi dání.