Ẹ kọ ohun tó wà nínú ìpara yín: lẹ́tà sí àwọn tó ń po ìpara ní Gowon Estate

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí àti àbúrò wa tí ẹ ń po ìpara tà ní Gowon Estate títí dé Ẹgbẹ́dá,

Ọ̀rọ̀ bíbóra kọ́ ni mo bá wá. Emulsifying wax ni, ẹyọ funfun tí ẹ ń rà ní Ọjọ́ta, tí ẹ ń yọ́ kí omi àti òróró má baà pínyà nínú ike.

Òrí àti àdín tí àwọn ìyá ìyá wa fi ń para kò ní omi nínú, wọn ò nílò ohun tí yóò so omi mọ́ epo. Àwọn oníbàárà òde òní ló ń fẹ́ ìpara fúyẹ́ tí kì í mú ara dán, ẹ sì gbọ́dọ̀ bu omi sí i. Ẹ ò jẹ̀bi ìyẹn. Àmọ́ wax yìí kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní BP ní sodium lauryl sulfate, ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín hó. Bó ṣe ń mú epo nínú ike, bẹ́ẹ̀ ló ń tú ọ̀rá tó wà láàárín awọ. Ara ẹlẹgẹ́, ara ọmọ tó máa ń gbẹ tó sì ń yún, kì í lè gbà á. Òun gan-an ni àwọn olùwádìí ń lò bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ mú awọ bínú. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ nípa aqueous cream tó ní in nínú, pàápàá fún àwọn ọmọ tó ní eczema.

Níhìn-ín, bí oníbàárà bá ní ìpara yín ń ta òun, ẹ ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Èyí ló ń dùn mí jù, torí irọ́ ni. Ẹ kọ "organic" gàdàgbà sára ike, ẹ ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ní kí ẹ kọ ọ́. Bí ara ọmọ bá wá bínú, kí ni dókítà fẹ́ ní kí ìyá ọmọ jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ẹ bi ẹni tó ń ta wax fún yín pé irú wo ni. Èyí tí wọ́n fi polysorbate ṣe rọ ara lọ́rùn ju ti BP lọ. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ yé fojú díwọ̀n. Fún ìkókó, ẹ ta òrí lásán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ pò sára ike, láti orí omi dé orí lọ́fínńdà.